Bàtà tí Mo Fi Ń Ju Àwo Nínú Igbó Kánádà

Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀ kúrò ní Kábà. Dúdú ni, ó ní gìgísẹ̀ kékeré, ọmọ mi Bósẹ̀ ló rà á ránṣẹ́ sí mi. Bàtà rọ́bà tí mo fi ń lọ oko, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo fi í sí. Bósẹ̀ ti sọ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ẹ má gbé bàtà oko wá o. Kò sí oko níbí." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Dúpẹ́ àbúrò mi ló ń wọ bàtà náà báyìí lọ sí oko ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Ìyàrá, ó sì máa ń rántí láti sọ fún mi pé kò tíì já. Ó máa ń dùn mí díẹ̀.

Ọmọ tuntun ni mo wá bá Bósẹ̀ tọ́jú ní Kánádà. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí, èmi kò sì tíì padà. Àwọn ará ilé máa ń bi mí pé kí ni mo rí. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo rí igi tó wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀ bí ohun tó kú, tí oṣù díẹ̀ kọjá, tó tún rúwé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo rí omi gbígbóná tó ń jáde láti inú ògiri. Mo rí òpópónà tí ilé wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí o lè rìn já láìrí ẹnì kan tí wàá kí ní "Okun o." Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ní Kábà, kí n tó dé ọjà, ẹnu á ti rẹ̀ mí fún kíkí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ibí, ajá kan ni mo kí. Ajá náà dúró, ó wò mí, ó jọ pé ẹnu ya òun náà.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, Bósẹ̀ bá mi wá iṣẹ́ sí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì le. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ká aṣọ tí ẹ̀rọ ti fọ̀, aṣọ ibùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin òyìnbó kan tí a jọ ń ká aṣọ, tó ń jẹ́ Dọ́rà, tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó fi ọdún méje jù mí lọ. Ẹnu mi kọ̀ láti pe orúkọ rẹ̀ gbálá bẹ́ẹ̀, ni mo bá ń pè é ní Màmá Dọ́rà.

"Èmi kọ́ ni mo bí ọ," ó sọ lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀," mo ní. "Ìyá tó bí mi kì í pẹ́ tó báyìí lórí aṣọ kan."

Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni gẹ̀ẹ́sì mi, ṣùgbọ́n ó yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ojú. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ní kí a jọ lọ sí igbó. Nílé, bí ẹnì kan bá ní kí o bá òun lọ sí igbó, wàá bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ mú bọ̀: igi ìdáná ni àbí ìgbín. Màmá Dọ́rà ní eré ni a fẹ́ lọ ṣe. Arúgbó, igbó, eré. Mo gbìyànjú láti so ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò so.

Igbó náà kò jìnnà sílé. A bá àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn níbẹ̀, àgbàlagbà bíi tiwa. Olúkúlùkù wọn gbé àpò kọ́ èjìká, àwo pẹlẹbẹ oníke sì kún inú rẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ọsàn. Dísìkì gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pe eré náà. Wọ́n ri apẹ̀rẹ̀ onírin mọ́lẹ̀ sáàárín igi, wọ́n so ṣéènì rọ̀ yí òkè rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Wàá dúró lórí pèpéle sìmẹ́ńtì kékeré lókèèrè, wàá ju àwo, wàá rìn lọ bá a níbi tó bọ́ sí, wàá tún jù ú láti ibẹ̀, títí yóò fi wọ apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ sí apẹ̀rẹ̀ kejì, àti ẹ̀kẹta. Ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ló borí. Kò sí ẹni tó ń sáré.

Màmá Dọ́rà gun pèpéle. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó yí ìbàdí, ó tú àwo sílẹ̀. Mo ti rí àṣá lókè àpáta Kábà, tó ń lọ lójú sánmà láìju ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwo náà ṣe lọ. Ó gba àárín igi méjì kọjá, ó rọra tẹ̀ sí òsì bí ohun tó mọ ọ̀nà ilé, ó sì kọlu ṣéènì, ṣàràrà. Mo la ẹnu sílẹ̀. Ohùn irin nínú igbó tó dákẹ́ rọ́rọ́, obìnrin tó ń rojọ́ eékún sí mi létí láràárọ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á jáde.

"Tún un ṣe," mo ní.

"Ọlọ́run ló ṣe ìyẹn," ó ní. "Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Nígbà tó kàn mí, mo fi ọwọ́ tí mo fi ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ ju tèmi. Kò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó lọ tààrà, àwọn obìnrin náà sì pàtẹ́wọ́. Mo lọ mú un níbi tó sùn sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òórùn ewé tútù àti ilẹ̀ gbà mí nímú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti gbọ́ òórùn ilẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ohun kan tún wà. Àwọn ènìyàn tí kì í wo ojú ẹni lójú títì, bí wọ́n bá pàdé rẹ lójú ọ̀nà tóóró inú igbó yẹn, wọn á kí ọ. Wọn á dúró, wọn á bèèrè bí àwo ṣe ń lọ sí. Ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó fín ara láti ọrùn dé ọwọ́, gbogbo wọn. Mo ń padà sílé lọ́jọ́ náà, ẹnu sì ti rẹ̀ mí fún kíkí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọjọ́ dé Sátidé.

Ní Sátidé kẹrin, òjò rọ̀. Bàtà kànfáàsì tí mo fi ń lọ síṣẹ́ ni mo wọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti dán bí ahọ́n. Mo yọ̀ lórí koríko, mo sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Kò dùn mí rárá, ṣùgbọ́n Bósẹ̀ rí ẹ̀yìn aṣọ mi.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe nínú igbó?"

"Eré ni. À ń ju àwo."

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí pé mo fọ́ àwo kan ṣoṣo."

"Èyí kì í fọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó síwájú mi bí ìyá. "Egungun ìbàdí yín ni mo ń wò. Bí ó bá ṣẹ́, ta ni yóò jókòó tì yín? Èmi wà níbi iṣẹ́, bàbá ọmọ wà níbi iṣẹ́. Bí kò bá sí bàtà gidi, kò sí igbó."

Òtítọ́ ló sọ, n kò bá a jà. A jọ lọ sí ilé ìtajà bàtà. Olùtajà mú ọ̀kan wá tí wọ́n dìídì ṣe fún irú eré yìí. Bósẹ̀ ka iye rẹ̀ fún mi, mo sì rọra dá a padà sórí pákó bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó ní òun á rà á. Mo ní rárá. Mo mọ ohun tí owó ilé àti owó iná ń ṣe fún òun àti ọkọ rẹ̀. N kò fi ilé sílẹ̀ láti wá di ẹrù lé ọmọ mi lórí nítorí eré. Mo ní èmi á wá tèmi.

Gwánjò ni mo mọ̀. Ní Kábà, bàtà àlòkù tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lọ́jà là ń pè bẹ́ẹ̀, òun ló sì gbé gbogbo ọmọ mi lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí mo rí i pé gwánjò wà ní Kánádà náà, inú ilé tó mọ́, tí wọ́n to bàtà sórí pákó bí ìwé, ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ibi tí mo mọ̀ nìyí.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Nílé, nígbà òjò, àwọn ọkùnrin wa tó ń gun òkè lọ oko máa ń wọ bàtà bọ́ọ̀lù eléyín, nítorí eyín ń jẹ ilẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Mo rà á, inú mi dùn sí ọgbọ́n mi. Lórí koríko, mo dúró bí igi ìrókò. Màmá Dọ́rà ń wo ẹsẹ̀ mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gun pèpéle. Eyín kò rí ohun jẹ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan da ẹ̀kùrọ́ sábẹ́ mi. Ìbàdí ni mo fi balẹ̀.

Egungun kò ṣẹ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dúró ká aṣọ fún ọjọ́ méjì. Bósẹ̀ mú bàtà eléyín náà, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ti ọkọ̀ náà.

"Ó tán, Mọ́mì," ó ní. Ó rọra sọ ọ́, ìyẹn ló mú kí ó wúwo.

Sátidé mẹ́ta ni mo jókòó sí ojú fèrèsé. Bí ènìyàn bá wà ní àjò, ilé tó ń gbé lè mọ́, oúnjẹ lè tó, kí ó sì máa ṣe é bí ẹni tó wà nínú àpótí. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn mi, n kò ní ṣàròyé. Ṣùgbọ́n ìyá ilé nìkan ni mo jẹ́ nínú ilé, aṣọ nìkan ló mọ ọwọ́ mi níbi iṣẹ́. Inú igbó yẹn ni àwọn tí n kò bí ti ń pè mí lórúkọ. Mo sọ èyí fún Dúpẹ́ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ kò kúkú ní sọ fún mi pé torí àwo lẹ ṣe ń sunkún."

"N kò sunkún."

"Ohùn yín ń sunkún. Ẹ wá bàtà. Ṣé ẹ̀yin ni bàtà máa borí?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Màmá Dọ́rà mú bàtà tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́ nínú àpò. Ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ, ó sì fi ìka tọ́ka. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà rọ̀ díẹ̀, kì í ṣe líle. Kò ní eyín, ilà kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ó pọ̀, ó súnmọ́ra. Ilà ló ń di sìmẹ́ńtì mú, ó ní. Lẹ́yìn náà ó fi imú bàtà ọ̀tún hàn mí. Ó ti họ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Bí a bá ti ju àwo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń wọ́ ìka rẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ lọ. "Ọdọọdún ni mò ń ra tuntun," ó ní. Mo wo imú bàtà náà pẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ yòókù ṣì le. Wọ́n fẹ́ jù ú nù nítorí ibi tí kò ju ẹyọ owó lọ.

Mo padà sí ilé gwánjò. Lọ́tẹ̀ yìí n kò kánjú. Mo dojú bàtà dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ èékánná sí àtẹ́lẹsẹ̀: èyí tí èékánná kò wọ̀, mo dá a padà. Mo ká a: èyí tó ká láàárín bí àkàrà, mo dá a padà, nítorí ibi ìka ló yẹ kí bàtà ti ká. Mo ki ọwọ́ bọ inú, mo wá ibi tó ti fọ́. Lórí pákó ìsàlẹ̀ ni mo ti rí i, bàtà ìrìn aláwọ̀ ilẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ mi mu, ilà kún abẹ́ rẹ̀ bí oko tuntun. Àléébù rẹ̀ kan ni pé gọ́ọ̀mù ti tú níwájú, ó ya ẹnu bí ẹja.

Obìnrin tó ń tà á ní kí n fi í sílẹ̀, ó ti bàjẹ́, wọ́n fẹ́ kó o dànù ni. Mo wò ó. Ní Kábà, kò sí ẹni tó ń wọ bàtà gwánjò láìkọ́kọ́ gbé e lọ bá ṣúmékà. Ìbáà dára, ìbáà máà dára, wọn á kọ́kọ́ rán an yípo kí ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́, nítorí gọ́ọ̀mù òyìnbó kì í dúró de òjò wa. A kò pe bàtà tó ya ẹnu ní òkú bàtà rí. Obìnrin náà gba ohun tó kéré lọ́wọ́ mi, ó tún ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Bósẹ̀ wò ó. "Mọ́mì, mo ní ó tán."

"O ní bí kò bá sí bàtà gidi, kò sí igbó. Bí èyí bá wá di bàtà gidi ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni máa dán an wò. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Mo gbà. Ṣúmékà kan ṣoṣo tí Bósẹ̀ rí ní ìlú náà, owó iṣẹ́ rẹ̀ ju bàtà náà lọ fíìfíì. Ló bá kù sí èmi. Bósẹ̀ bá mi ra abẹ́rẹ́ aránbàtà, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́nu àti igi lẹ́yìn, pẹ̀lú òwú ọ̀rá. Mo wá ní kí Dúpẹ́ gbé fóònù lọ bá Dàúdà, ṣúmékà wa tó ń jókòó lẹ́bàá ọjà Kábà. Ọmọ Ìsánlú ni, ó ti ń rán bàtà wa láti ìgbà tí Bósẹ̀ wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù, ó ti hu irùngbọ̀n funfun. Òòrùn ọ̀sán wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ ariwo ọ̀kadà. Ọkàn mi fò.

"Màmá, okun o. Wọ́n ní ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Okun, Dàúdà. Owó ṣúmékà ibí ti pọ̀ jù, ìwọ ni mo wá bá ṣe ọmọ iṣẹ́."

"Ta ni máa san owó ìyọ̀ǹda?"

"Dúpẹ́ á bọ́ ọ."

"Èmi kọ́," Dúpẹ́ ké láti ẹ̀yìn.

Dàúdà ní kí n gbé bàtà súnmọ́ ojú fóònù. Ó wò ó, ó pòṣé. "Bàtà rere. Wọ́n fẹ́ sọ èyí nù? Àwọn ènìyàn yìí ní sùúrù tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú, wọn kò ní sùúrù bàtà." Ó wá ń kọ́ mi. Kí n fi àbẹ́là pa òwú kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kí n fi ọ̀bẹ ya ojú ọ̀nà tóóró sí abẹ́ bàtà yípo, kí òwú lè sùn sínú rẹ̀. "Bí òwú bá yọ orí, ilẹ̀ á jẹ ẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kó sùn." Kí n gún un, kí n fa òwú láti inú, kí n fi òwú kejì há a, kí n fà á le.

Mo fi imú bàtà ọ̀tún hàn án, mo ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ́ ilẹ̀.

"Eré wo ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀?"

"Mò ń ju àwo nínú igbó."

"Ẹ bù táyà kẹ̀kẹ́ lé e," ó ní. Kò bèèrè ohun mìíràn. Ṣúmékà gidi kì í bèèrè ibi tí bàtà ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán an. Táyà kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ọmọ mi ti dàgbà kọjá ni mo gé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú bàtà méjèèjì, ó ṣẹ́ wọ abẹ́ díẹ̀, mo sì rán an mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ gún mi níka lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo parí, mo gbé bàtà síwájú Bósẹ̀.

Ó gbé e jáde síwájú ilé, ibi tí sìmẹ́ńtì wà. Ó bu omi dà á sílẹ̀. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún lọ mú ọṣẹ ìfọwọ́ wá, ó dà á sí i. Ẹsẹ̀ wa rí bákan náà. Ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó di ògiri mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ ṣubú tipátipá. Bàtà kò lọ. Ó tú ògiri sílẹ̀. Ó yí ìbàdí bí ìgbà tí ó fẹ́ jó. Bàtà kò lọ. Ó dúró sójú kan, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ta ló rán èyí?"

"Ṣé kì í ṣe ìṣojú rẹ ni mo ti rán an?"

Ó bọ́ ọ, ó fi aṣọ nu ọṣẹ kúrò lára rẹ̀, ó sì kó o sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, sáàárín bàtà tiwọn. Kò sọ̀rọ̀ igbó. Ní àárọ̀ Sátidé, òun ló wà mí lọ.

Yìnyín ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, èyí àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Mo ti rò pé eré kò ní sí. Mo bá àwọn obìnrin náà tí wọ́n ń so ọ̀já pupa gígùn mọ́ abẹ́ àwo wọn, kí ó má baà sọnù bí ó bá rì sínú yìnyín. Màmá Dọ́rà fi ìgbálẹ̀ gbá pèpéle, ó wo bàtà mi lókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa táyà náà.

"O máa bá mi ṣe tèmi," ó ní. Kì í ṣe ìbéèrè.

Mo gun pèpéle. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ìkejì, ìkẹta. Ẹsẹ̀ mi dì í mú. Ìka ọ̀tún wọ́ ilẹ̀ bí ó ti yẹ, mo sì gbọ́ bí táyà ṣe ha sìmẹ́ńtì. Àwo mi lọ tòun ti ìrù pupa, lórí gbogbo funfun yẹn. Kò wọ apẹ̀rẹ̀. Ó gbà mí ní jíjù mẹ́rin sí i kí ṣéènì tó dún fún mi, ó sì dún.

Nígbà tí a ṣe tán, mo kẹ́yìn díẹ̀, mo sì gba ọ̀nà tí a bá wá padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń wo ipa ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n á kà wọ́n fún mi: bàbá báyìí ti kọjá, ìyá báyìí ti kọjá, àlejò kan wà láàárín wọn. Mo dúró lójú ọ̀nà yìnyín náà. Ẹnikẹ́ni kò tíì rìn ín yàtọ̀ sí wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Màmá Dọ́rà ti kọjá, ẹni tó ń tẹ gìgísẹ̀ ju ìka lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ ti kọjá. Àwọn méjì yòókù ti kọjá, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń rìn. Láàárín wọn ni ẹsẹ̀ kan wà tó ní ilà òwú yípo, tí àmì táyà kẹ̀kẹ́ sì wà níwájú ìka rẹ̀. Mo ka òun náà. Mo ní ará Kábà ti kọjá.